Sinimá Òkèèrè Lójú Ẹ̀gbá: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò sí Abẹ́òkúta

Ọjọ́ Ẹtì: láti Apáta dé Àṣerò

Awakọ̀ wa ti ṣèlérí ní Apáta pé Kútọ̀ ni aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ máa bá wa. Bákátárí ló ti bá wa. Taya ẹ̀yìn ti bẹ́, gbogbo èrò ti sọ̀ kalẹ̀, a tò sábẹ́ igi kan lẹ́bàá títì.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta lẹ́nu àìpẹ́ yìí ò ní béèrè ohun tó bẹ́ taya. Òkúta pọ̀ ní agbègbè Ọ̀dẹdá, àwọn tó ń fọ́ ọ tà pọ̀, àwọn típà tó ń kó o kiri ló sì ni ojú ọ̀nà. Ibi tí wọ́n bá ti tẹ títì mọ́lẹ̀, òjò á sọ ibẹ̀ di kòtò olómi, bí ọkọ̀ ò bá sì tíì kó sínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe jìn tó.

Awakọ̀ fa sípíà yọ, sípíà náà ò ní atẹ́gùn. Ibi tí a ti ń wo ara wa lójú ni ọlọ́kadà kan ti yọ sí wa. Kò mọ ẹnì kankan nínú wa. Ó ní kí wọ́n gbé taya náà fún òun, ó dè é mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó gbé e tọ fọkanáísà lọ, kò sì pẹ́ púpọ̀ tó fi gbé e padà dé. Awakọ̀ na ₦1,000 sí i, ó dá ₦500 padà, ó ní epo tí òun sun ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá kan tó ń sun àgbàdo nítòsí gbé bẹ́ǹṣì jáde fún àwọn àgbàlagbà inú wa. Àgbàdo kan pẹ̀lú àgbọn, ₦300. Mo jẹ méjì. Ọmọ kékeré kan wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láàárín wa, ìyẹn jẹ tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá alágbàdo ní ta ní í gbowó oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Owó ọkọ̀ láti Apáta, ₦3,000. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí nígbà òjò, ẹ jí dé gáréèjì láàárọ̀, kí ilẹ̀ má baà ṣú bá yín lọ́nà. Bó bá sì jẹ́ Ọbáńtokò tàbí Àṣerò lẹ ń lọ, ẹ tètè sọ fún awakọ̀ kó já yín sílẹ̀ níbẹ̀, torí ojú ọ̀nà ni. Ẹni tó bá jókòó dé Kútọ̀ á tún sanwó kó tó padà sẹ́yìn.

Ilé àbúrò ìyá mi ni mo wọ̀ sí ní Àṣerò. Àǹtí ti lé ní ọgọ́ta ọdún dáadáa. Àdìrẹ ni wọ́n tà ní Ìtòkú títí orúnkún wọn fi ní ó tó. Láfún àti ewédú ti ń dúró dè mí. Ilé Ẹ̀gbá ni mo wà, kí ni mo tún ń retí? Mo ń jẹun lọ́wọ́ ni wọ́n bi mí léèrè ohun tó gbé mi wá. Mo ní sinimá ni.

“Sinimá?” Wọ́n wo fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ mi. “Àjàní, àwọn tó wà nínú fóònù ẹ ti tán ni?”

Mo ṣàlàyé pé àwọn ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ràn fíìmù ló háyà gbọ̀ngàn ní Kútọ̀, pé fíìmù ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni wọ́n fẹ́ fi hàn láti àárọ̀ di alẹ́: ti Sẹ̀nẹ̀gà, ti Japáànù, ti Ìráànì, ti Ítálì. Wọ́n ní ṣé mo ti wá ń gbọ́ èdè Japáànù ni. Mo ní wọ́n á kọ òyìnbó sí ìsàlẹ̀ àwòrán.

“Ẹni tí ò lè ka òyìnbó kíákíá ńkọ́?”

Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Àǹtí kó abọ́, wọ́n ní àwọn á bá mi lọ, àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àárọ̀: owó tó ti Párísì wá

Máruwá láti Àṣerò dé Kútọ̀, ₦400 lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Gbọ̀ngàn náà ò jìnnà sí June 12 Cultural Centre, níbi tí Ake Arts and Book Festival ti bẹ̀rẹ̀ ní 2013 kó tó kó lọ sí Èkó ní 2018. Láti ìgbà tí ìyẹn ti lọ, inú mi máa ń dùn tí mo bá gbọ́ pé nǹkan kan tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ ní Kútọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ₦2,000 fún gbogbo ọjọ́. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà rí ewú orí Àǹtí, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní kí màmá wọlé láìsanwó. Gúgúrú àti ẹ̀pà wà níta, ₦300 ìdì kan. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n kọ sí ìwé. Ó lé díẹ̀ ní aago mẹ́wàá kí wọ́n tó pa iná gbọ̀ngàn.

Mandabi ni wọ́n fi ṣí i, fíìmù tí Ousmane Sembène ṣe ní 1968. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà ni Sembène. Ó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté Marseille, ó ti ń kọ ìwé ìtàn ní èdè Faransé, kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Moscow nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nípa wọn ò lè ka ohun tó ń kọ. Mandabi ni fíìmù gígùn tó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n ti sọ Wolof.

Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà ni oníbàjámọ̀ kan ti ń fá orí àwọn ọkùnrin níta gbangba, tó tún ki abẹ bọ ihò imú wọn. Àǹtí fọwọ́ bo imú tiwọn. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀, tí òyìnbó ń sáré kọjá nísàlẹ̀, wọ́n fi ìgbùnwọ́ gún mi: “Kí ni wọ́n wí?” Kí n tó là á tán, òmíràn ti dé. Ìlà iwájú wa ni Ọlọ́run ti dá wa lóhùn. Ọmọkùnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, mú ìyá-ńlá rẹ̀ wá, ó sì ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí i létí ní Yorùbá, wéréwéré, láìfi nǹkan kan sílẹ̀. Àǹtí na ọrùn. Obìnrin tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi náà na tiẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi sọ láti ẹ̀yìn pé, “Àbúrò, jọ̀ọ́, gbé ohùn sókè díẹ̀.”

Ibrahima Dieng ló ni ìtàn. Ìyàwó méjì, ọmọ méje, kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ tí ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin bí, tó ń gbálẹ̀ títì ní Párísì, fi mọní ọ́dà ránṣẹ́ sí i ní Dakar: 25,000 fránkì. Nínú ẹ̀, kí Dieng bá a fi 20,000 pamọ́, kí ìyá ọmọ náà gba 3,000, kí Dieng fúnra rẹ̀ mú 2,000. Àwọn ìyàwó ti ra ìrẹsì láwìn kí Dieng tó mọ̀ pé owó dé. Kó tó dé pósí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́, àwọn aládùúgbò ti tò síwájú ilé pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀.

Ní pósí, wọ́n ní káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dà.

“NIN!” Gbogbo gbọ̀ngàn ló ké e lẹ́ẹ̀kan náà, kódà àwọn ọmọ tó ń ta gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ibẹ̀ lọ, a ò dákẹ́ mọ́. Káàdì ń béèrè ìwé ẹ̀rí ìbí àti fọ́tò àti sítáǹpù. Ìwé ẹ̀rí ìbí ń béèrè ọjọ́ ìbí, Dieng ò mọ̀ ju ọdún lọ. Ayàwòrán gba owó rẹ̀, kò fún un ní fọ́tò, wọ́n tún lù ú níbẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wa ń ròyìn bí wọ́n ṣe kọ orúkọ òun sí ọ̀tọ̀ nínú NIN, sí ọ̀tọ̀ nílé ìfowópamọ́, tó fi jẹ́ pé oṣù márùn-ún gbáko lòun ò fi rí owó ara òun mú. Níbòmíì, wọ́n á ní kó dákẹ́. Níbí ni wọ́n ti ń bi í pé báwo ló ṣe wá yanjú ẹ̀.

Ìgbà tí Mbaye jáde, ìbátan tó wọ kóòtù tó ń wa ọkọ̀, tó ní kí Dieng fọwọ́ sí ìwé kí òun bá a gba owó náà, Àǹtí ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn túmọ̀ rárá. Wọ́n ní, “Èyí ló máa kó o jẹ.” Bẹ́ẹ̀ ló rí. Mbaye padà wá sọ pé wọ́n ti jí owó náà lápò òun, ó gbé ìrẹsì lé Dieng lọ́wọ́. Mo bi Àǹtí pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ta àwìn ní Ìtòkú rí, bàtà ẹni nìkan ló máa wò.

Mo ti wo fíìmù yìí rí nínú fóònù, èmi nìkan, lórí ibùsùn mi n'Íbàdàn, mo sì kà á sí fíìmù ìbànújẹ́. Ní Kútọ̀, omi ẹ̀rín ń dà lójú wa. Kì í ṣe pé a ò mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́ Dieng jẹ. A mọ ẹni tó ń rẹ́ ẹ jẹ ni, a mọ ojúlé rẹ̀.

Ọ̀sán: ọ̀fadà, àti àwọn arúgbó Japáànù

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi àwọn fíìmù kéékèèké kan hàn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ wọn láìsí ọ̀rọ̀ nínú. Ọ̀kan dára. Àwọn yòókù, mi ò rí ohun tí wọ́n ń wá, Àǹtí náà sì ti ń tòògbé.

A jáde lọ jẹun. Obìnrin kan ń ta ìrẹsì ọ̀fadà nínú ewé eéran lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ayamáṣe rẹ̀ pọ́n rokoṣo lórí epo, irú rẹ̀ kò farasin. ₦2,500 pẹ̀lú ẹyin, pọ̀nmọ́ àti ṣàkì. Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí ni ìlú Ọ̀fadà tó fún ìrẹsì náà lórúkọ wà, ẹ má ṣe kúrò n'Ábẹ́òkúta láìjẹ ẹ́. Ẹ mú owó gidi dání o: oní-POS tó wà nítòsí gba ₦200 lórí ₦5,000 tí mo mú, kó sì tó kàn mí, èrò ti tò.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a padà wọlé bá Tokyo Story, fíìmù Yasujiro Ozu ti 1953, aláwọ̀ dúdú àti funfun, ó lé ní wákàtí méjì. Mo ti ń bẹ̀rù fún Àǹtí. Kò sí eré sísá nínú ẹ̀, kò sí ìjà, àwọn èèyàn kàn ń jókòó, wọ́n ń dìde, wọ́n ń tẹrí ba. Ṣùgbọ́n Ozu máa ń gbé kámẹ́rà sí ìsàlẹ̀ bí ojú ẹni tó jókòó sórí ẹní, bóyá ìyẹn ló sì jẹ́ kí àwọn ìyá wa tètè bá ilé náà mọ́ra.

Bàbá àti ìyá kan tó ti darúgbó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Onomichi lọ kí àwọn ọmọ wọn ní Tokyo. Àkọ́bí jẹ́ dókítà, ọmọbìnrin kan ń ṣerun, gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́, àyè ò sí. Ìyàwó ọmọ wọn tó kú sógun, Noriko, ló gbààyè lẹ́nu iṣẹ́ tó mú wọn rìn káàkiri ìlú. Àwọn ọmọ inú wọn dá owó jọ, wọ́n kó wọn lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Atami, kí wọ́n lè ráyè ṣe tiwọn. Ariwo ibẹ̀ ò jẹ́ kí àwọn arúgbó sùn.

Ibi Atami yẹn gan-an ni iná lọ.

Jẹnẹrétọ̀ kọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ẹnì kan gbé kẹ́ẹ̀gì, ó sáré lọ ra epo nínú òjò. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la fi jókòó sínú òkùnkùn, ooru ń mú, àfi iná fóònù níhìn-ín lọ́hùn-ún. Èmi rò pé àwọn èèyàn máa lọ sílé. Ẹjọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Obìnrin kan ní kí ni àwọn ọmọ yẹn wá ṣe tó burú? Wọ́n gbà wọ́n sílé, wọ́n fún wọn lóúnjẹ, wọ́n sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Bàbá kan ní owó òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi lé wọn jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àwọn tó wà l'Ékòó, aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ń jáde nílé, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń wọlé, ṣé kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni? Àǹtí, tí ọmọ wọn méjì wà l'Ékòó, ò dá sí i. Mo ṣàkíyèsí ìyẹn.

Ìgbà tí iná dé, àwọn tó ṣètò ọjọ́ náà ti rí i pé ìlà méje ti kó ara wọn jọ sẹ́yìn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Wọ́n gbé máíkì fún un. Ojú tì í díẹ̀, ìyá-ńlá rẹ̀ ní kó má tijú. Ọkùnrin kan tó wọ awò dìde, ó ní bí ọmọ yìí bá ń sọ̀rọ̀ nínú máíkì, a ò ní gbọ́ ohùn fíìmù mọ́. Ẹnì kan bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbọ́ Japáànù ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọkùnrin náà jókòó, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n gbè é lẹ́sẹ̀ díẹ̀ ṣá. Ozu máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, èèyàn á kàn wo ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Níbẹ̀, ọmọ yẹn ṣì ń parí gbólóhùn tó ti kọjá. Ohun tí a pàdánù wà. Bí wọ́n bá tún ṣe irú ẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí atúmọ̀ ti wo fíìmù ṣáájú, kó lè mọ ibi tó yẹ kó ti dákẹ́.

Ìyá náà kú lẹ́yìn tí wọ́n padà sílé. Wọ́n sìnkú tán, wọ́n jókòó ti oúnjẹ, ọmọbìnrin tó ń ṣerun, Shige, sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn aṣọ ìyá rẹ̀ tó wù ú. Máíkì ò tíì sọ ọ́ tán tí gbọ̀ngàn fi gbiná. Àǹtí dìde dúró, orúnkún àbí kò sí orúnkún.

“Lórí oúnjẹ òkú! Kí ilẹ̀ tó gbẹ!”

Ìyá-ńlá akẹ́kọ̀ọ́ yẹn dáhùn pé irú ẹ̀ wà nílé gbogbo wa. Nígbà tí bàbá wá mú aago ìyàwó rẹ̀ tó kú, tó fi fún Noriko, tí kì í ṣe ọmọ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá náà ń fi ìdí gèlè nu ojú. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn gbé máíkì sílẹ̀ níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó gbé e.

Ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́: ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá

Where Is the Friend's House?, ti Abbas Kiarostami, ọmọ Ìráànì, 1987. Ahmad, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ṣèèṣì mú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ délé láti iléèwé. Tíṣà ti ní bí ọ̀rẹ́ náà bá tún wá láìṣe iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìwé yẹn, òun á lé e. Ahmad ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń sọ pé kó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kó mi ọmọ, kó lọ ra búrẹ́dì. Ó sá jáde, ó gun òkè lọ sí abúlé kejì, kò mọ ilé, ẹni tó bá bi kò dá a lóhùn dáadáa. Ohun tó wà nínú fíìmù náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ àyà mi ń já.

Ibi kan wà tí bàbá-bàbá Ahmad ti ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bàbá òun máa ń fún òun lówó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, á sì na òun lọ́sẹ̀ méjìméjì. Bó bá gbàgbé owó, kì í gbàgbé ẹgba. Ọ̀rẹ́ náà bi í pé bí ọmọ ò bá wá ṣẹ̀ ńkọ́? Bàbá ní òun á wá ohun kan tí òun á fi nà án, kó má baà gbàgbé ẹ̀kọ́.

Àwọn àgbà inú gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ hó. Fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, fíìmù ń lọ lójú ògiri, kò sẹ́ni tó ń wò ó; àríyànjiyàn ẹgba la wà. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, tó ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ wàyí, ń fi ohùn gbígbẹ ṣe bàbá, ó ń fi ohùn tín-ín-rín ṣe ọmọ. Tíṣà kan tó jókòó nítòsí wa, obìnrin bí ẹni ogójì ọdún, sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé láti àárọ̀ ọ̀la ni òun á ti máa béèrè lọ́wọ́ ọmọ kó tó di pé òun bínú. Ọkọ rẹ̀ ní ọ̀la Sunday ni.

Fíìmù Ítálì ló kù, mo ti wò ó rí, Àǹtí sì ní àwọn ò lè jókòó mọ́. A jáde lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Òjò ti dá, kò sí máruwá, ọ̀kadà tó wà ò lè gbé Àǹtí pẹ̀lú orúnkún wọn. A dúró pẹ́. Tíṣà yẹn àti ọkọ rẹ̀ ló já sí wa nínú Camry wọn. Ìbarà ni wọ́n ń lọ, ọ̀nà wọn kọ́, wọ́n gbé wa dé ẹnu géètì ní Àṣerò. Mo na owó epo, ọkọ rẹ̀ ti ọwọ́ mi padà, ó ní ẹjọ́ Shige tí màmá dá ti sanwó. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá wo ohun tó máa di alẹ́ ní Kútọ̀, ẹ ti bá onímáruwá kan sọ ọ́ láti ọ̀sán, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú: Ìtòkú, Aké, Láderin

Mo fẹ́ ra àdìrẹ. Àǹtí kìlọ̀ fún mi pé Sunday ni, mo lọ, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Ìtòkú wà ní títì lóòótọ́. Ẹ lọ lọ́jọ́ iṣẹ́. Nínú àwọn tó ṣí, mo rí aláró kan tó wù mí, yáàdì márùn-ún, wọ́n pè é ní ₦12,000. Mo dárúkọ Àǹtí, ó di ₦9,000, wọ́n tún ní kí n bá wọn kí wọn.

Mo bá wọn ní Aké lẹ́yìn ìsìn, níwájú Kátídírà Pétérù Mímọ́, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn bíi mẹ́fà, wọ́n ń ròyìn Dieng fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá sọ ìtàn kan fún wọn tí mo rò pé wọ́n ti mọ̀. Ní oṣù kẹjọ 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá hàn ní Nàìjíríà, ní Glover Memorial Hall l'Ékòó. Ní 1904, Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó rí Ọba Edward Keje, wọ́n sì ya àwòrán ìrìn-àjò náà, tí àwọn ará Èkó fi wo ọba Ẹ̀gbá nínú sinimá. Wọn ò gbọ́ ọ rí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ní kí n tún un sọ. Àǹtí ní, “Ṣé ẹ ti wá rí i pé Aláké wa ti ṣe sinimá kí àwọn ará Japáànù yẹn tó dé?” Mo fẹ́ sọ pé Japáànù náà ti ń ya fíìmù kí ó tó di 1904, mo wo ojú wọn, mo dákẹ́.

Ọ̀nà Bákátárí ò wù mí mọ́, torí náà ọkọ̀ ojú irin ni mo fi padà. Ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè wà ní Láderin, kò sì sún mọ́ àárín ìlú. ₦1,500 ni máruwá gbà láti Aké, èmi nìkan ni mo háyà á. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ tó ń bọ̀ láti Èkó ni mo wọ̀. Ẹ tètè dé ibẹ̀, ẹ ti ra oúnjẹ dání, ẹ má sì gbàgbé pé Mọ́níyà ló máa já yín sí, tó jẹ́ pé òdìkejì ìlú gan-an ni sí ẹni tó ń gbé Apáta bíi tèmi. Àwọn típà tí mo sá fún, mo ń rí wọn láti ojú fèrèsé níbi tí ọ̀nà bá ti súnmọ́ ojú irin.

Fóònù mi dún kí a tó dé Omi-Àdìó. Àǹtí ni. Wọn ò béèrè bóyá mo ti délé. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá nọ́ńbà ọmọ onímáíkì yẹn, pé ẹgbẹ́ ìyá nínú ìjọ àwọn fẹ́ wo fíìmù kan lóṣù tó ń bọ̀, òyìnbó ni wọ́n sọ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè gbé máíkì fún. Mo béèrè iye tí wọ́n fẹ́ san fún un. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bá àwọn wá nọ́ńbà.